Ṣé ìwà wa ni àbí ibi tá a wà? Lórí ọ̀rọ̀ pé Yorùbá Àbújá kì í ran ara wọn lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Lugbe ni mò ń gbé, ọdún kẹrin rèé tí mo ti dé Àbújá. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn. Hausa ń ran Hausa lọ́wọ́, Ígbò ń dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ Ígbò, àwa Yorùbá ńkọ́? Ẹni mẹ́ta tá a jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà ni mo tọ̀ lọ nítorí iṣẹ́, gbogbo wọn ló wà nípò. Ọ̀kan ò gbé fóònù mi mọ́. Ọ̀kan ní kí n mú CV wá, ó ti di oṣù mẹ́jọ. Ìkẹta ní òun á máa gbàdúrà fún mi. Ni ẹ̀gbọ́n mi kan tó ka sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ èèyàn, bá ń sọ pé kì í ṣe pé a burú, ó ní bí àwùjọ ṣe tò ló fà á. Mo ní gírámà nìyẹn, ìwà ni. Ẹ bá mi dá sí i, kí ni sosiọ́lọ́jì tiẹ̀ mọ̀ nípa ìwà èèyàn táwọn àgbà wa ò tíì fi òwe sọ tán?

* * *

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ pẹ̀lẹ́. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ, mi ò sì ní fi gírámà bo ohun tó dùn yín mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yín ni mo wà, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ torí ó máa gùn díẹ̀. Àwọn ará ilé yòókù náà ti kọ èsì tiwọn sókè, màá máa dá wọn lóhùn bí mo ṣe ń lọ.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, aṣọ ló ń tà. Mo ka sosiọ́lọ́jì ní Zaria. Mo ti lé lógún ọdún ní Kubwa báyìí, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí. Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí látinú ìwé, mo sì mọ̀ ọ́n látinú mítìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju báyìí lọ: àwọn èèyàn máa ń so mọ́ra wọn níbi tí wọ́n bá ti nílò ara wọn kí wọ́n tó lè jẹun. Níbi tí oúnjẹ bá ti ń gba ọ̀nà míì wá, okùn yẹn á dẹ̀, ẹ̀yà yòówù kí wọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Hausa tẹ́ ẹ yìn. Ẹ lọ wò wọ́n níbi táwọn náà ti jẹ́ àlejò, ní Sábó n'Ìbàdàn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abner Cohen lọ gbé láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì kọ ìwé lórí wọn ní 1969. Òwò ló rí. Màlúù ń ti òkè Ọya bọ̀, obì ń ti ilẹ̀ wa lọ sókè, ọ̀nà jìn, bánkì ò bá wọn dá sí i, àwìn ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó kó màlúù wá látòkè ò mọ alápatà kan ṣoṣo n'Ìbàdàn, ilé maigida, ìyẹn onílé tó ń gba àwọn oníṣòwò lálejò, ló máa wọ̀ sí, maigida á fún un níbi tó máa sùn, á bá a wá ẹni tó máa rà á, á ṣe onígbọ̀wọ́ fún alápatà tó gbé màlúù láwìn, tí alápatà ò bá sì san, ọrùn maigida ló wà. Làádá ni maigida ń gbà nídìí ẹ̀. Ẹ wá rò ó. Tí ẹnì kan nínú wọn bá ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀, tí kò bá wọn ṣe mọ́, ta ló máa fi màlúù sí i lọ́wọ́? Ìfẹ́ ẹ̀yà wà níbẹ̀, mi ò ní kò sí, àmọ́ màlúù àti obì ló ń bọ́ ọ.

Nígbà tí òṣèlú òmìnira wá dé láwọn ọdún 1950, tí agbára tí òyìnbó fi ń dá wọn dúró lọ́tọ̀ ń lọ, tí àwọn àti Mùsùlùmí Yorùbá sì jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ọ̀nà Tijániyà, ìyẹn ẹgbẹ́ kan láàárín Mùsùlùmí tó ní wírìdì tiẹ̀. Cohen ní èyí jẹ́ kí wọ́n lè wà lọ́tọ̀, kí òwò wọn má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ka ibẹ̀ tán nígbà yẹn ní Zaria, mo pa ìwé dé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, torí ilé bàbá mi ni mo rí níbẹ̀.

* * *

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní Hausa nìyẹn, kì í ṣe Yorùbá. Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ti ilé bàbá mi.

Réluwé dé Kánò ní 1911, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú, ìjọba òyìnbó bá ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwa tá a ti gúúsù wá, lẹ́yìn odi ìlú. Yàrá mọ́kànlá ló wà nílé wa. Tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpótí kan, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa júwe fún un. Ìyá mi á bu omi fún un, bàbá mi á bi í pé agbolé wo, tó bá ti dárúkọ agbolé, ó parí. Lọ́jọ́ kejì bàbá mi á mú un lọ sọ́jà, á bá a gba aṣọ láwìn, á ní "èmi ni kẹ́ ẹ máa wò." Gbólóhùn yẹn ni bánkì wa. Ẹni tó bá jẹ gbèsè sá lọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀ nílé, ojú á ti gbogbo agbolé. Tó o bá pa mítìn ìlú jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ìtanràn. Kò sẹ́ni tó ń ṣe wàhálà pé Yorùbá kì í ran ara wọn lọ́wọ́, torí láìsí ẹgbẹ́ o ò lè ní yàrá, o ò lè ní ọjà, tó o bá sì kú, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Jos, bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé Gánà, níbi táwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà gan-an ti kún ọjà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì ní 1969. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè, ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀fà ló ṣì ní ẹni tó gbọ́ Twi, èdè Gánà.

Ẹ wá wo Àbújá. Ní 1975 wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ kan lọ wo ibi tí olú ìlú máa bọ́ sí, Akinọlá Aguda, adájọ́, Yorùbá bíi tiwa, ló ṣe alága. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá ibi tí ẹ̀yà ńlá kankan ò ti lè ní tòun ni. Òfin ẹ̀ jáde ní February 1976, ìjọba sì kó olú ìlú wá síbẹ̀ ní 12 December 1991. Àwọn Gbagyi àtàwọn ará wọn tó nilẹ̀ ni wọ́n sún sẹ́yìn, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ ká sọ lọ́jọ́ kan. Kò sí Sabon Gari bíi ti Kánò ní Àbújá. Owó tó wà lápò ẹ ló ń sọ bóyá Gwarinpa lo máa gbé ni àbí Mararaba, kì í ṣe agbolé. Owó oṣù ń ti ìjọba wọ àkáǹtì, onílé ẹ lè jẹ́ Ígálà, ẹni tó ń gbé ọmọ ẹ lọ síléèwé lè jẹ́ Tiv, tí ara ẹ ò bá yá, káàdì ìlera ibi iṣẹ́ lo máa mú lọ.

Nínú gbogbo ìyẹn, ibo ni ọ̀gá tó ò gbé fóònù yín ti nílò ọmọ Ọ̀fà kan? Kò síbì kan. Bàbá tiẹ̀, ká ní Kánò ló wà láyé ìgbà yẹn, ì bá gbé e. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

* * *

Lórí òwe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán, inú òwe ni wọ́n tọ́ èmi náà dàgbà. Àmọ́ ẹ gbọ́ méjì yìí. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. Ojoojúmọ́ la ń pa wọ́n, wọn ò sì sọ ohun kan náà. Àkọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ tó o kó ló yí ẹ padà. Ìkejì ní ẹ ti jọra kẹ́ ẹ tó pàdé.

Tí ọmọ yín bá ń bá àwọn tó ń fa igbó rìn ní Dutse Alhaji, èwo ló ṣẹlẹ̀? Tó bá jẹ́ ti àgùntàn, ẹ kó ọmọ kúrò ládùúgbò, ó tán. Tó bá jẹ́ ti ìwà jọ ìwà, ibi tẹ́ ẹ bá kó o lọ, á wá irú wọn rí níbẹ̀ kọ́sẹ̀ tó pé, ẹ ti fi owó ilé ṣòfò. Òwe méjèèjì dùn lẹ́nu, kò sí èyí tó máa sọ fún yín bóyá kẹ́ ẹ kó àbí kẹ́ ẹ má kó.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn onísosiọ́lọ́jì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan, Denise Kandel, gbé e yẹ̀ wò láàárín àwọn ọmọ iléèwé ní ìpínlẹ̀ New York. Ó wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ta lọ̀rẹ́ ta, ta ló ń mugbó, ó tún padà wò wọ́n nígbà tí ọdún ń parí lọ, kó lè rí èyí tó ṣáájú. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Méjèèjì ló bá níbẹ̀, agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà, kíkó ilé á ṣe ààbọ̀ iṣẹ́, ààbọ̀ yòókù wà lọ́wọ́ ohun tó ń ti ọmọ yẹn kiri. Mo ti sọ èyí fún òbí méjì ní Kubwa, ọ̀kan gbọ́.

* * *

Alfa tó kọ ọ́ sókè pé ìmọ̀ òyìnbó ni sosiọ́lọ́jì, pé kò kàn wá: ẹ jọ̀ọ́ sà, Ibn Khaldun kì í ṣe òyìnbó. Tunis ni wọ́n bí i sí ní 1332, ó sì kọ iṣẹ́ ẹ̀ tó lókìkí jù ní 1377, ó ju irínwó ọdún lọ kí Auguste Comte ọmọ Faransé tó wá sọ ìmọ̀ yìí lórúkọ. Ohun tí ọmọ Ọ̀fà ń béèrè gan-an ló ń wá, ó pè é ní asabiyya, okùn tó ń so àwọn èèyàn pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ó ní aginjù ló ń mú un le, torí ẹni tó bá dá wà níbẹ̀ á kú, tí wọ́n bá wá ṣẹ́gun, tí wọ́n wọ ìlú ńlá, tí ara tù wọ́n, okùn yẹn á máa jẹrà, ìjọba wọn kì í sì í sábà ju ìran mẹ́ta lọ. Ẹ fi Sabon Gari sípò aginjù, ẹ fi Àbújá sípò ìlú ńlá.

Tiwa náà wà. Nathaniel Fádípẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwùjọ Yorùbá ní Yunifásítì London ní 1939: agbolé, ìgbéyàwó, èésú, ẹgbẹ́, gbogbo ẹ̀. Ó kú ní 1944. Wọn ò tẹ iṣẹ́ yẹn di ìwé n'Ìbàdàn títí di 1970. Ó máa ń dùn mí pé à ń pe ìmọ̀ yìí ní ti àjèjì nígbà tí ọmọ wa ṣe é, tó sì kú láìfojú kàn án.

* * *

Ó kan Ígbò. Ọ̀pọ̀ yín ló kọ ọ́ pé "Ígbò fẹ́ràn ara wọn," ẹ sì fi mọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ wọn, ká fi ọkàn wọn sílẹ̀.

Tí ọmọ Yorùbá bá ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, owó ni bàbá ẹ̀ máa san fún ọ̀gá. Á lo ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, ó dàárọ̀. Lọ́jọ́ kejì ọmọ yẹn ò ní ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ ọ̀gá ní gbèsè kankan, ọ̀gá náà ò jẹ ẹ́. Àdéhùn ti tán. Ọmọ Ígbò tó lọ kọ́ òwò ò san kọ́bọ̀. Á sìn ín fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, méje, á máa gbé ilé ọ̀gá, á máa gbá ṣọ́ọ̀bù, tó bá yá ọ̀gá á fún un lówó tàbí ọjà kó fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Owó yẹn, owó iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ètò yìí ti wà kógun tó dé, àmọ́ ẹ rántí pé nígbà tógun parí ní 1970, ọ̀pọ̀ tó ní owó ní bánkì, £20 péré ni wọ́n kà fún wọn. Ibo lèèyàn bẹ́ẹ̀ ti máa rí owó òwò bí kò ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá?

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń mú àdéhùn ṣẹ. Ọmọkùnrin kan sìn ládùúgbò wa ní Kubwa, páàtì mọ́tò ni wọ́n ń tà, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀gá ní ó jí owó, ó lé e jáde. Ìdajì òru la gbọ́ igbe. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n o. Ìfẹ́ ẹ̀yà ò gbà á lọ́jọ́ yẹn, ohun tó gbà á ni pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù pe ọ̀gá náà jókòó, wọ́n ní tí kò bá san án, wọn ò ní bá a ra ọjà pọ̀ mọ́. Ó san ìdajì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Yorùbá ṣe bí Ígbò, ẹ má wàásù ìfẹ́. Ẹ yí àdéhùn fíríìdọ̀mù padà.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya sórí àwọn ọmọ wa tí kì í kúnlẹ̀, tẹ́ ẹ ní ìyá wọn ni ò kọ́ wọn, èmi ò gbà.

Àbígbẹ̀yìn mi pé ọdún mẹ́sàn-án. Alhaji kan ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ará Katsina. Láàárọ̀, tọ́mọ yìí bá fẹ́ lọ síléèwé, á dé iwájú ilẹ̀kùn wọn, á lóṣòó, á gbójú sílẹ̀, á ní "ina kwana," ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀ bí ti ọmọ wọn. Ìyá mi wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Ọmọ kan náà á jáde ní yàrá, á dúró ṣanṣan níwájú ìyá àgbà, "good morning, grandma." Ìyá mi á máa wò mí. Mo bínú, mo pariwo, kò yí padà. A wá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní December. Ọjọ́ kẹrin, mo dúró nídìí fèrèsé, mo rí i tó fi eékún méjèèjì lélẹ̀ lórí iyanrìn níwájú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kò sẹ́ni tó sọ fún un, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, òun náà ò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló dúró. Nígbà tá a padà dé Kubwa, ó ṣe é fún ọjọ́ méjì.

Ọmọ yẹn mọ ọ̀wọ̀. Ó ń ṣe ohun tí ojú tó ń wò ó mọ̀ sí ọ̀wọ̀ ni, ní Kubwa, èmi àti ìyá ẹ̀ nìkan ni ojú tó mọ ìkúnlẹ̀, àwa méjèèjì ò sì tó ẹgbẹ́.

Ara gan-an ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí ìyá Gbagyi kan lójú ọ̀nà Bwari, ó gbé ìdì igi ìdáná sí èjìká ọ̀tún, ọrùn ẹ̀ tẹ̀ sí òsì, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yára bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbé e lérí. Ó ní orí lọ́ba ara, wọn kì í di ẹrù ru ọba. Mo dákẹ́. Àwa tá à ń bọ orí, tá a ní orí la bá bọ ká fòrìṣà sílẹ̀, àwa náà là ń ru agbọ̀n. Ọ̀wọ̀ tá a ní fún orí bá tiwọn dọ́gba, ẹrù gba ibòmíì. Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ àwọn ẹ̀yà kan ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣe báyìí, ẹ ní kó dúró ná. Marcel Mauss, ọmọ ẹ̀gbọ́n Émile Durkheim, ọmọ Faransé tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà sosiọ́lọ́jì, ti sọ ọ́ ní Paris láti 1934 pé bá a ṣe ń rìn, bá a ṣe ń sùn, bá a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀kọ́ ni gbogbo ẹ̀, a ò bí i mọ́ ẹnikẹ́ni.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ẹnì kan bínú sí mi pé tó bá jẹ́ àwùjọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi mọ́, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Rárá o. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ mú CV wá tó sì sọ ọ́ sí dúrọ́ọ̀, ó jẹ̀bi yín. Àmọ́ ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, a sì ń pa wọ́n pọ̀: kí ló dé tí lágbájá ṣe é, kí ló sì dé tí iye èèyàn báyìí fi ń ṣe é lọ́dọọdún?

Durkheim mú ohun tá a rò pé ó jẹ́ ti ọkàn ẹni nìkan jù lọ, ìyẹn kéèyàn gbẹ̀mí ara ẹ̀. Ní 1897 ó to àwọn iye tí ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù kọ sílẹ̀. Ó rí i pé lọ́dọọdún iye yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní orílẹ̀-èdè kan, pé ó pọ̀ láàárín àpọ́n ju ẹni tó ti gbéyàwó lọ, pé ó pọ̀ láàárín Pùròtẹ́sítáǹtì ju Kátólíìkì lọ. Ìbànújẹ́ oníkálukú yàtọ̀, síbẹ̀ iye ò yí padà, ó ní bí okùn tó so èèyàn mọ́ ẹlòmíì ṣe le tó ló wà nídìí ẹ̀. Ní 1959, C. Wright Mills ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ lọ́nà tó yé mi jù: tí ẹnì kan ṣoṣo ò bá níṣẹ́ nínú ìlú tó ní 100,000 èèyàn, ẹ wo ìwà ẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù 15 ni ò níṣẹ́ nínú mílíọ̀nù 50, ẹ má wo ìwà wọn mọ́, ẹ wo ètò.

Ọmọ Ọ̀fà, ẹni mẹ́ta ló já yín kulẹ̀. Àmọ́ ẹ ka iye èèyàn tó kọ irú ẹ̀ sókè yìí, Hausa méjì wà nínú wọn, àwọn náà gbọ́ Yorùbá, àwọn náà ń ráhùn pé Hausa Àbújá kì í dá wọn lóhùn.

* * *

Èyí lè bí yín nínú, mo bẹ̀ yín. Kí ni ẹ tiẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn?

Peter Ekeh, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ Amẹ́ríkà, kọ nǹkan kan ní 1975 tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní àwa tí òyìnbó jọba lé lórí, gbangba méjì la ní. Ọ̀kan ni ti ìlú, ti ẹ̀yà, ti ẹgbẹ́: ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rù ìtìjú, ibẹ̀ la ti ń san ohun tó tọ́. Èkejì ni ti ìjọba, tí òyìnbó gbé kalẹ̀, a ò kà á sí tiwa, ẹni tó bá mú níbẹ̀ wá fún ìlú, ọmọ dáadáa ni.

Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, mi ò ní sọ ibi iṣẹ́ ẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ láàárín wa pé òun gba owó ìrìn àjò ọ́fíìsì, òun ò sì lọ síbì kankan, ara ń tu gbogbo wa, a rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ yẹn náà la rán an kó lọ ra omi àti bisikíìtì fún mítìn. Alẹ́, òjò ń rọ̀, ó kan ilẹ̀kùn mi, fìlà ẹ̀ rin, ó mú ₦1,500 tó ṣẹ́kù jáde nínú ọ̀rá tó fi wé e kó má bàa tutù, àti rìsíìtì. Ó ní owó ìlú ò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ òun. Ẹnì kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà.

Tẹ́ ẹ bá sọ fún mi pé ìwà ẹ̀ ni, èwo nínú ìwà méjèèjì?

Àwa náà la ń bá a dá a. Tá a bá ní kí ọmọ wa tó wà nípò "ṣe nǹkan," a mọ ibi tó ti máa mú un wá. Èmi rò pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ní òun á máa gbàdúrà, ojú ń tì í láti sọ fún yín pé òun ò ní àyè tóun lè fún yín lọ́nà tó tọ́.

* * *

Ẹ ti béèrè ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, mi ò sì ní fi yín sílẹ̀ sínú ìwé.

Mark Granovetter, ará Amẹ́ríkà, bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ nítòsí Boston pé lọ́dọ̀ ta ni wọ́n ti gbọ́ nípa ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Nínú àwọn tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀, bíi 17 péré nínú 100 ló jẹ́ ẹni tí wọ́n ń rí déédéé. Àwọn yòókù gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n kàn ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àbí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí rárá. Ìdí ẹ̀ ni pé ohun tí ẹni tó sún mọ́ ẹ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jìn sí ẹ díẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí o ò gbọ́.

Ó ṣẹ sí mi lára. Nígbà tí mo dé, mo dúró de ọmọ ìlú mi kan fún ọdún kan ààbọ̀. Ẹni tó sọ fún mi pé wọ́n ń gba èèyàn ni ìyá Tiv kan tá a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì Kubwa sí Area 1 láàárọ̀. Orúkọ mi gan-an ò yé e, "Oga Kano" ló ń pè mí. Ó na bébà pélébé kan tó fi wé ẹ̀pà sí mi, ó ti kọ ọ́fíìsì náà àti ọjọ́ tí wọ́n máa pa á dé sẹ́yìn ẹ̀. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Títí dòní mi ò mọ ilé ẹ̀.

Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí Yorùbá máa bá Yorùbá nìkan ṣe, ìdajì ọ̀nà lẹ ń dí. Ohun tá a ṣe lẹ́gbẹ́ wa lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìjà púpọ̀, ni pé a dáwọ́ aṣọ ẹbí dúró, a fi owó yẹn ṣe àjọ onígbọ̀wọ́: ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ á san owó ilé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, òun á máa dá a padà lóṣooṣù, ẹni mẹ́ta á fọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀, tó bá sá, àwọn mẹ́ta yẹn á san. Ọ̀rọ̀ maigida Sábó ni mo sọ fún wọn lọ́jọ́ tá a dìbò, alága ní bàbá òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jos. A tún ní kí oníkálukú tó bá wá sí mítìn mú ìròyìn iṣẹ́ kan wá láti ibi tí kì í ṣe ti Yorùbá, kó gbọ́ ọ lọ́fíìsì ni o, nínú bọ́ọ̀sì ni o. Kó tó di pé a ṣe é, èèyàn mọ́kànlá ló ń wá. Ní Sunday tó kọjá, àga ò tó, àwọn kan jókòó sórí kreeti míńírà, a sì ka ìròyìn iṣẹ́ mẹ́rìnlá sókè.

Ọ̀fà kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ̀, ẹnu á kùn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Sunday kẹta nínú oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Kubwa. Mo ti kọ àdúgbò àti nọ́ńbà sí yín nínú àpótí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ tẹ CV yẹn ní ẹ̀dà mẹ́wàá, ẹ kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè ṣe sí ìlà àkọ́kọ́ gàdàgbà, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ kan lọ́nà kẹ́ ẹ tó dé, torí wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin náà.